Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀bù Kì Í Ṣe Fún Ojú, Fún Ẹsẹ̀ Ni

Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, ìbáà ṣe ti télọ̀, ìbáà ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà, tàbí yàrá tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń kọ́ iṣẹ́ igi, kí ó jọ̀wọ́ fetí sí mi. Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un san.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí mo gba ibẹ̀, ilẹ̀ pákó rẹ̀ ti ṣú. Mo ní kí n tún un ṣe kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ọ̀gá ni mí. Mo kun fánìṣì sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dán bíi dígí! Àwọn ènìyàn ń yìn mí, orí mi wú.

Kò pẹ́ tí ẹwà fi di ẹ̀tẹ́. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú sílẹ̀ bà lé fánìṣì náà, ilẹ̀ sì ń yọ̀ bí ẹni da ọbẹ̀ ilá sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi gbé pákó léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó wo ilẹ̀ náà, ó sì wo ojú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Yàtọ̀ sí yíyọ̀, ojú pákó ni fánìṣì ń dúró sí bí awọ. Bí òòlù bá já lù ú, a bó, àtúnṣe rẹ̀ kò sì rọrùn. Bákan náà ni ọ̀dà ń ṣe.

Òróró linseed ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára agolo rẹ̀, nítorí òun ni ó tètè ń gbẹ. Inú igi ni ó ń wọ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ilẹ̀, ẹ gbá a mọ́, kí ẹ fi àkísà pa òróró náà fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ nu èyí tí igi kò mu kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó pa ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà òjò, ẹ ní sùúrù sí i. Bí ibì kan bá họ, ibẹ̀ nìkan ni ẹ ó tún pa.

Ṣùgbọ́n àkísà yẹn ni ewu ibẹ̀! Òróró yìí kì í gbẹ bí omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mọ́ra, èyí a sì máa mú un gbóná. Bí a bá ká àkísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, àkísà lè gbiná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ẹ má pè é ní àlọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ ni ó dáná sun One Meridian Plaza, ilé alájà 38 ní ìlú Philadelphia, Amẹ́ríkà. Iná náà jó ju wákàtí 18 lọ, panápaná mẹ́ta sì bá a lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ó ń sá àkísà wa sórí okùn lóde, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi gbẹ gan-an. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó rì wọ́n sínú omi nínú agolo onírin, a ó sì dé e pa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè sùn dọ́kàn.