Bí A Ti Í Rí Àyè Kó Ẹrù Sí Nínú Ilé Àtijọ́

Bí ìkórè bá dé, ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ a máa há. Àpò ẹ̀wà a dí ẹnu ọ̀nà, àgbàdo a wà lábẹ́ ibùsùn, onílé a sì máa rò pé àfi kí òun kọ́ yàrá mìíràn. Kí ó tó ra búlọ́ọ̀kù, kí ó kọ́kọ́ gbé ojú sókè.

Ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ ti àwọn àgbà ní àjà. Wọ́n to igi lé ògiri, wọ́n tẹ́ ọparun lé e, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Amọ̀ yìí a máa gba ẹrù lọ́wọ́ iná nígbà tí koríko wà lórí òrùlé. Páànù dé, àjà sì di ti àdán àti eku.

Ẹni tí yóò tún un lò, kí ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti wọ inú ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ikán sábà ń gbà wọlé. Èyí tí ọ̀bẹ bá wọ̀ wẹ́rẹ́, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Agbọn olódù tí ó gbó dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹrù wúwo wà nítòsí ògiri, kí ó má ṣe wà ní àárín igi. Kí a má sì ṣe gbẹ́ ihò ńlá sí ògiri láti fi ṣe pẹpẹ, nítorí ògiri náà ni ó ru àjà.

Àgbàdo tí ó wà lókè ààrò a máa pẹ́: èéfín ń lé kòkòrò, ooru ń mú un gbẹ. Ìyá arúgbó tí ó so àgbàdo irúgbìn kọ́ síbẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n lábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, irúgbìn lè kú, iṣu a sì tètè bàjẹ́. Ẹ̀wà gbígbẹ, kí a dé e pinpin sínú garawa tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò tí ó lu nìkan. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Irú eku kan tí ń wọ ilé ni ó ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá àjà tí eku ti sùn sí ní gbígbẹ. Kí ó fi omi tí a fi bílíìṣì sí rin ín, kí ó sì fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Gààrí àti ọkà, inú ohun tí ó ní ìdérí líle ni kí wọ́n wà.

Karosíìnì àti oògùn kòkòrò kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ gbé lórí àjà kan náà. Bí a bá sì ti sọ̀kalẹ̀, kí a gbé àkàbà kúrò, kí ọmọ kékeré má baà gùn ún.