Káàdì ẹ̀bùn oníwúrà: Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, èló sì ni wúrà inú rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó máa ń gbọ́ ètò wa dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wa pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Káàdì kan ló wà nínú àpò náà. Ó ń dán yanranyanran, wọ́n ya òdòdó sí i lára, wọ́n sì kọ "24K" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ màmá ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n pé 60 ọdún. Ìwé ẹ̀rí kékeré kan tún wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ní ojúlówó wúrà ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni màmá fi tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Wọ́n ní ọjọ́ tí nǹkan bá le, àwọn á gbé e tà.

Ọjọ́ náà dé. Owó iléèwé ọmọ-ọmọ wọn kan ni wọ́n ń wá, ni wọ́n bá gbé káàdì lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù. Ọkùnrin náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun tó sọ ò ju pé, "Màmá, ẹ gbé e padà sílé, kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó rẹwà." Ìbéèrè tí màmá wá bi wá ni pé: ṣé wọ́n lu àwọn ọmọ àwọn ní jìbìtì ni, àbí alágbẹ̀dẹ yẹn ló fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ?

Mo mọ̀ pé màmá nìkan kọ́ ló ní irú káàdì yìí nílé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, kálukú á wá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wúrà tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé wúrà rọ̀ gan-an. Tí ẹ bá ń fi òòlù lù ú, kì í sán, ṣe ló máa ń tẹ́ lọ, tí á máa fẹ̀ sí i. Kì í dípẹtà, kì í sì í ṣú bíi fàdákà. Láti ayé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n ti ń lù ú di pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ń bo pósí àwọn ọba wọn. Nínú àlàyé yìí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ewé wúrà, torí bó ṣe fẹ́lẹ́.

Lóde òní, ọ̀kan lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn jù nídìí iṣẹ́ yìí ni Kanazawa, lórílẹ̀-èdè Japan. Nínú gbogbo ewé wúrà tí wọ́n ń ṣe ní Japan, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé, ló ń wá láti ìlú kan ṣoṣo yìí. Wọ́n máa ń yọ́ fàdákà àti bàbà díẹ̀ mọ́ wúrà náà. Nínú irú èyí tí wọ́n ń lò jù, wúrà kó nǹkan bí ìdá 94, fàdákà kó nǹkan bí ìdá 5, bàbà ò tó ìdá 1.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wá tò ó sáàárín bébà pàtàkì kan: bébà kan, wúrà kan, bébà kan, wúrà kan, títí tó fi máa di ìdì. Ìdì yìí ni ẹ̀rọ olóòlù á máa lù. Bí wúrà bá ti fẹ̀ tán, wọ́n á tún gé e, wọ́n á tún tò ó, wọ́n á tún lù ú. Àṣírí iṣẹ́ ọ̀hún wà lára bébà yẹn. Wọ́n máa ń fi omi eérú koríko ìrẹsì, ẹyin àti omi èso kan tí wọ́n ń pè ní kaki tọ́jú rẹ̀ kó tó ṣeé lò. Bí bébà ò bá dáa, wúrà ò lè dáa. Lọ́dún 2020, UNESCO fi ọ̀nà àtọwọ́dọ́wọ́ tí wọ́n ń gbà ṣe ewé wúrà yìí mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Japan tí wọ́n kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé.

Tó bá fi máa parí, ewé kọ̀ọ̀kan ò nípọn ju 0.0001 mílímítà lọ. Ẹ wo irun orí yín kan ṣoṣo: ó nípọn ju ewé yìí lọ ní ìlọ́po 500, ó kéré tán. Ọwọ́ lásán ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí yóò lẹ̀ mọ́ ìka, yóò sì ya. Igi ọparun ni wọ́n fi ń mú un, èémí ẹnu ni wọ́n sì fi ń fẹ́ ẹ kó lè tẹ́. Tí ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ara rẹ̀ kọjá, àwọ̀ ewé tútù lẹ sì máa rí.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káàdì yìí lè ṣe é nílé. Kò gba ẹ̀rọ, sùúrù ló gbà. Ohun tí ẹ nílò ni bébà líle tí wọ́n fi ń ṣe káàdì, ewé wúrà, gọ́ọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ méjì àti òwú. Inú ìwé kékeré ni wọ́n sábà máa ń di ewé wúrà sí, ewé 25 nínú ìwé kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ bébà fẹ́lẹ́ ni kó rà, òun ló rọrùn láti gbé.

1. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé. Mi ò ṣàwàdà o. Atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti gbé ewé wúrà lọ.

2. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ohun tí ẹ fẹ́ sórí káàdì. Ó lè jẹ́ òdòdó, ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà pupa tàbí yẹ́lò kun ojú àwòrán náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ìdí ni pé bí wúrà bá ya níbì kan, funfun bébà ò ní yọjú síta.

3. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú àwòrán nìkan. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá dé ni wúrà máa mú, torí náà ẹ fara balẹ̀ kó má baà yà bàrá.

4. Ẹ dúró. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣì tutù, wúrà á rì sínú rẹ̀, kò ní dán mọ́. Bó bá sì ti gbẹ jù, kò ní mú un. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: ó yẹ kó máa fa ìka yín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ rin ín.

5. Ẹ dojú ewé wúrà bo ibi tí gọ́ọ̀mù wà, kí ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn bébà rẹ̀. Ẹ wá ṣí bébà náà kúrò.

6. Bó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá èyí tí kò lẹ̀ kúrò. Àwòrán yín á jáde kedere. Ẹ má da èérún rẹ̀ nù, ó ṣeé fi dí ibi tó bá kù.

Ojúlówó wúrà ò nílò kí ẹ fi fáníìṣì bò ó lẹ́yìn èyí, torí kì í ṣú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń dán kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dán, tí kì í ṣe wúrà

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, á ti rí káàdì ìpè ìgbéyàwó tí lẹ́tà ara rẹ̀ ń kọ mànà bíi wúrà. Kò sí wúrà kankan nínú èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ń lò, tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní fóìlì. Wọ́n ti fi àwọ̀ yẹ́lò sí i lára, wọ́n sì fi alumíníọ́mù bíńtín bò ó, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ bó bá rí ooru ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rọ gbígbóná á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, lẹ́tà á dúró, ọ̀rá á ṣí kúrò. Alumíníọ́mù tó ń tàn láti abẹ́ àwọ̀ yẹ́lò yẹn ló ń fi ara rẹ̀ hàn bíi góòlù.

Ẹ̀kejì ni ewé idẹ. Wọ́n ń lù ú pẹlẹbẹ bíi ti wúrà, ó sì jọ ọ́ gan-an lójú. Ṣùgbọ́n ó nípọn ju wúrà lọ, ìmọ́lẹ̀ kì í gba ara rẹ̀ kọjá. Bí wọn ò bá fi fáníìṣì bò ó, bó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Kò sí ohun tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tó ta fóìlì, tó sì pè é ní fóìlì, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá pè é ní wúrà ni ọ̀rọ̀ dàrú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ojúlówó wúrà ló wà lórí káàdì màmá. Mo wọn káàdì náà: 9 sẹ̀ǹtímítà níbùú, 13 sẹ̀ǹtímítà lóòró. Wúrà tó fẹ̀, tó gùn, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan máa ń wọn gíráàmù 19.3. Bí wọ́n bá wá fi ewé wúrà tó nípọn ní 0.0001 mílímítà bo ojú káàdì yìí láti etí dé etí, wúrà tó máa lọ sí i ò ju gíráàmù 0.023 lọ.

Ká sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà: gíráàmù wúrà kan ṣoṣo máa bo ojú káàdì bíi 44. Wúrà gíráàmù 3, ìyẹn òrùka tín-ínrín kan, máa bo káàdì tó lé ní 130. Torí náà, ẹ béèrè iye tí gíráàmù wúrà kan ń lọ lónìí, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 44. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni owó wúrà inú káàdì náà. Ẹ rántí pé ẹni tó máa rà á ṣì máa náwó kó tó lè yọ ọ́ kúrò lára bébà. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ yẹn ò fi gbé e sórí òṣùwọ̀n.

"24K" tí wọ́n kọ sí i wá ń kọ́? Bí wúrà ṣe mọ́ tó ni 24K ń sọ, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Oyin gidi lè wà nínú ṣíbí, ó sì lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Oyin gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n owó wọn ò lè dọ́gba láé.

Àwọn kan wà tó ń sọ iye wúrà tó wà nínú tiwọn. Ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti 2019, wọ́n ń ṣe ohun kan tó dà bí owó bébà, tí wọ́n ń pè ní Goldback. Àárín ike ni wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdá kan nínú 1,000 áúǹsì wúrà ló wà nínú èyí tó kéré nígbà náà, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 0.031. Bẹ́ẹ̀ náà, owó tí wọ́n ń tà á ju owó wúrà inú rẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á mọ ohun tó rà.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta káàdì oníwúrà fún yín, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ṣé ewé wúrà ni, fóìlì ni, àbí idẹ? Ìkejì: gíráàmù mélòó ni wúrà inú rẹ̀? Ìkẹta: bí mo bá fẹ́ tà á padà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ìwọ fúnra rẹ máa rà á, èló sì ni? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò níbi ìkejì, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ẹ̀rí inú páálí rẹ̀. Ẹni tó tẹ káàdì lè tẹ ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fa alumíníọ́mù àti idẹ náà. Bó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ tọ́jú, góòlù tó ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n ni kí ẹ rà. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ẹni tó ń rà á náà ní láti mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Èsì fún màmá

Ohun tí mo sọ fún màmá nìyí: alágbẹ̀dẹ yẹn ò rẹ́ yín jẹ. Òótọ́ ló sọ fún yín, ó kàn jẹ́ pé kò ṣàlàyé. Ní ti àwọn ọmọ yín, ó kù sọ́wọ́ iye tí wọ́n rà á. Bó bá jẹ́ owó káàdì tó rẹwà ni wọ́n san, ẹ̀bùn gidi ni wọ́n rà. Bó bá jẹ́ owó góòlù ni wọ́n san, wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn ò ní bi àwọn ọmọ ní iye tí wọ́n rà á. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún àwọn, gbogbo wọn ló jókòó yí àwọn ká. Wọ́n dá káàdì padà sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn sórí bébà. Wọ́n ní ọmọ àwọn kan ń múra láti ra irú rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn fẹ́ kó bi wọ́n kó tó sanwó.

Owó iléèwé ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà nílẹ̀. Káàdì ò lè san án.