Rọ́bà Kékeré Tó Gba Ọkọ̀ Bàbá Mi Sílẹ̀

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi rà ní tuntun láyé wọn. Peugeot 504 ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ mímu, Kàdúná ni wọ́n sì ti tò ó. Nígbà tí bàbá papò dà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilé àti ilẹ̀. Èmi àbíkẹ́yìn ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́. Àwọn ará ilé fi mí rẹ́rìn-ín pé ògbólógbòó irin ni mo jogún. Màmá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí mo bí ọ. Má jẹ̀ẹ́ kí ó kú mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò bá mọ 504 dáadáa, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 504 sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Nígbà tí Faransé dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà dúró ní ọdún 1983, Kàdúná ṣì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gùn ún, àwọn awakọ̀ èrò ọ̀nà jíjìn náà gùn ún. Ohun tó mú kí ó bá ọ̀nà wa mu ni pé ìdí rẹ̀ rọ̀: sípíríǹgì rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ lè wọ kòtò kí ó sì jáde láìjẹ́ pé ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbò. Rírọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ fi àìmọ̀kan bà jẹ́.

Kó-kó-kó ní ìdí táyà

Ọgbà ni mo ń gbé, ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkejà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, láti Ìkejà dé Àgége, yóò mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló ń fọ́ ọ̀dà ojú títì, tí òjò á sì wá bo kòtò mọ́lẹ̀ bí ẹni da aṣọ bò ó. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kó-kó-kó níwájú ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá wọ kòtò. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí wò ó, ó ní búṣìn ti jẹ.

Kí ni búṣìn? Irin gígùn kan wà tó so táyà mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Lóà-ámù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ibi tí irin yìí ti so mọ́ ara ọkọ̀ ni búṣìn wà. Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan kékeré nínú èkejì, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí táyà bá gòkè tàbí tó bá sọ̀, rọ́bà yìí ló máa ń lọ́, tí yóò sì tún padà sípò. Òun náà ló ń gba ìkọlù kòtò kí ó tó dé ara ọkọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má ra rọ́bà mọ́. Polyurethane ni kí n lò, irú ike líle kan tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje fẹ́ràn. Ó bá mi rà á, ó sì fi ránṣẹ́. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó rọ́bà, mo sì rò pé ohun tó le tó sì wọ́n yóò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó-kó-kó dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wá le bí pákó. Màmá mi, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, kàn ń di ilẹ̀kùn mú ni. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, mo lọ gbé wọn ní ilé ìwòsàn, a ń bọ̀ ní òpópónà Agege Motor Road. Dánfó kan dúró lójijì níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì fà sí apá ọ̀tún fúnra rẹ̀, ó ń lọ bá ìyá kan tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí ó fi dúró, ẹni tó bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé yóò kan ààrò ìyá náà. Ìyá náà kò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni màmá mi wọ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára búrẹ́dì

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní Àgége, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún 504 ṣe. Wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní kí n wá wò ó. Búṣìn kò ní àbùkù kankan. Irin ara ọkọ̀ tí wọ́n so lóà-ámù mọ́ ló ti sán, níbi tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Búrẹ́dì Àgége wà lórí bẹ́ńṣì wọn, ife tíì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ búrẹ́dì náà mọ́lẹ̀, wọ́n yọwọ́, ó sì wú padà. Tíì inú ife kò mira. Wọ́n wá mú òòlù, wọ́n gbá bẹ́ńṣì náà lẹ́ẹ̀kan. Tíì dà sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyà kòtò kì í sọnù. Bí rọ́bà kò bá jẹ ẹ́, irin ni yóò jẹ ẹ́. Rọ́bà ṣeé rà lọ́jà. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ara ọkọ̀ bàbá rẹ?"

Wọn kò sọ pé polyurethane jẹ́ ohun burúkú. Lórí ọ̀nà tó dán, fún ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ tètè máa dáhùn bó ṣe ń yí ọwọ́ rẹ̀, ó dára. Ọ́ìlì kò sì tètè ń bà á jẹ́ bíi ti rọ́bà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà oníkòtò, nínú ọkọ̀ tí irin rẹ̀ ti dàgbà, ohun tó máa ń tẹ̀ ló yẹ kí a fi sí ibi tí ìyà ti ń wọlé.

Bí a ṣe ń yan rọ́bà

Rọ́bà náà kò rí bákan náà. Oje igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ẹdó, Dẹ́ltà àti Oǹdó, máa ń rọ̀ jù nínú ooru, ó sì máa ń gan nínú òtútù. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1844 lórí bí a ṣe ń fi imí ọjọ́ sè é kí ó lè lágbára, kí ó sì máa padà sípò. Ohun tí a pò mọ́ rọ́bà àti bí a ṣe sè é ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ìkejà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa nígbà kan: níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Dunlop ti ń ṣe táyà títí di ọdún 2008. Ní tiwa, ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin ni èmi àti bàbá náà jọ lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà rèé:

Ẹ má ra búṣìn tòkunbọ̀. Rọ́bà ń darúgbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ooru àti afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di líle. Kódà, èyí tó ti pẹ́ jù nínú páálí lè ti gan. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ó wọlé díẹ̀, kí ó sì padà. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí rọ́bà ti pàdé irin. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn yíká, láìsí àlàfo.

Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wọn tuntun nínú àti lóde. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún-tòsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí apá kan.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí wọ́n fi tì í wọlé, kì í ṣe òòlù. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n sì fi mú un yọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì pa á, nítorí wọ́n máa ń mú kí rọ́bà wú, kí ó sì bàjẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń jo ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ọkọ̀ ti dúró lórí táyà rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, kí wọ́n tó de bóòtù rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá dè é pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì.

Wẹ́dà jó irin tó sán náà, ó sì fi irin mìíràn tì í lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé rọ́bà tuntun yìí kò ní wà títí láé lórí ọ̀nà wa, mo sì ti ń fi owó òmíràn pamọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó bàjẹ́, kí ọkọ̀ má baà bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ màmá mi kí wọ́n tó tún gbà láti wọ ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n sì di ilẹ̀kùn mú bí ìṣe wọn. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá alágbàdo, mo ra mẹ́rin. Wọn kò tíì gbàgbé mi. Nígbà tí a sún mọ́ Pen Cinema, ọwọ́ màmá mi ti kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo yíjú wò wọ́n: wọ́n ti sùn lọ, àgbàdo wà lórí itan wọn.