Omi Tó Ń Gun Ọ̀pá: Bí A Ṣe Ń Mọ Eré Omi àti Eré Afẹ́fẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ níbi tí mò ń gbé, mò ń lọ sí Oǹdó, ìlú mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé orí afárá odò Ọ̀wẹnà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, báwo lèèyàn ṣe lè mọ bí omi yìí ṣe ń sáré tó láìwọ inú rẹ̀?" Mo dá a lóhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kì í ṣe kíláàsì. Èyí tó kù nìyí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà oko wa. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo fẹ́ là á kọjá, torí omi náà kò ju orúnkún lọ. Bàbá mi àgbà fà mí lẹ́wù padà. Wọ́n dúró sí bèbè, wọ́n ki pákó pẹlẹbẹ kan bọ omi, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Omi náà kò kàn pín sọ́tùn-ún sósì; ó ń gun pákó náà lọ sókè. Bàbá la ọwọ́ wọn láti fi wọ̀n ọ́n, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tó kéré jù. Wọ́n ní, "Omi tó bá gùn tó yìí, a kì í wọ̀ ọ́." A padà sílé. Ní àsìkò òjò yẹn kan náà, odò yẹn gbé ọmọ kíláàsì mi kan lọ. Omi kò mu ún dé ìdí níbi tó ti ṣubú.

Kí ni bàbá rí tí ọmọ náà kò rí? Jíjìn omi ni ọmọ náà wò. Eré rẹ̀ ni bàbá wò.

Ẹ jẹ́ ká wá ìdí rẹ̀. Omi tó dúró sójú kan ní ìfúnpá: bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó ló ṣe ń tẹ ara yín tó. Omi tó ń ṣàn ní ìfúnpá yẹn, ó sì tún ní eré. Bí nǹkan bá dá a dúró lójijì, eré yẹn kò lè ṣòfò. Ó di àfikún ìfúnpá, àfikún yẹn ló sì ń ti omi gòkè. Ẹ rántí òkúta tí a jù sókè: bí eré rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ga tó. Gíga tí omi ń gùn àti gíga tí òkúta tó ní eré kan náà máa dé, ọ̀kan náà ni, tí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ tó ń dá òkúta dúró kúrò.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Pitot, ló sọ èyí di irinṣẹ́ ní ọdún 1732. Ó kó páìpù gíláàsì méjì pọ̀. Ọ̀kan tẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí omi tó ń bọ̀; èkejì gún régé. Ó kì wọ́n bọ odò Seine ní Paris. Omi inú páìpù tó tẹ̀ ga ju ti èkejì lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló sì ń sọ eré omi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: ìyàtọ̀. Páìpù kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan kan fún wa. Àwọn èèyàn ìgbà náà gbà pé bí omi bá ṣe jìn tó ló ṣe ń sáré tó. Pitot wọ̀n ọ́n, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú ìyàtọ̀ gíga náà ní mítà, ẹ fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ohun tí ẹ rí ló máa fún yín. Tó bá gùn ní 5 sẹ̀ǹtímítà, eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, mítà 2 ni. Tó bá jẹ́ 45, mítà 3 ni. Ṣé ẹ rí i? Kí eré tó di ìlọ́po méjì, gíga ní láti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Agbára tí omi fi ń ti ẹsẹ̀ èèyàn náà ń di ìlọ́po mẹ́rin. Omi tó dé òkè orúnkún díẹ̀, tó ń sáré ní mítà 1, lè ti àgbàlagbà bí ìgbà tí ẹrù kílò 6 bá ń fà á. Ní mítà 2, ó di nǹkan bíi kílò 25, ìyẹn ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ tí bàbá là lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà ni. Ọmọdé wo ló máa dúró?

Ohun kan náà ni afẹ́fẹ́ ń ṣe. Bí ẹ bá wọ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ẹ ó rí páìpù kékeré tó kọjú síwájú. Ti Pitot náà ni. Àwọn ihò kéékèèké mìíràn wà lára bàálù tó ń gba ìfúnpá afẹ́fẹ́ lásán. Tí bàálù bá ń sáré ní mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítòsí ilẹ̀, ìyàtọ̀ méjèèjì tó láti gbé omi sókè ní 30 sẹ̀ǹtímítà péré.

Ní oṣù Kejì ọdún 1996, bàálù Birgenair 301 gbéra ní Puerto Plata, ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Páìpù tó ń sọ eré fún ọ̀gá awakọ̀ ti dí. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni wọ́n fura sí, torí bàálù náà ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìbo páìpù rẹ̀. Ìfúnpá tó há sínú páìpù kò yí padà, ṣùgbọ́n bí bàálù ṣe ń gòkè, ti ìta ń lọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ wá ń pọ̀ sí i, irinṣẹ́ ń pariwo pé eré ti pọ̀ jù. Wọ́n dín eré kù, títí bàálù fi já bọ́ sínú òkun. Èèyàn 189 ló kú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Aeroperú 603 gbéra ní Lima. Àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbàgbé téèpù lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n fọ bàálù náà. Èèyàn 70 ló bá a lọ. Ọ̀kan dí níwájú, ọ̀kan dí lẹ́gbẹ̀ẹ́; irọ́ ni ìyàtọ̀ ń pa lọ́nà méjèèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi rúlà pẹlẹbẹ kọ́ àwọn ọmọ níbi gọ́tà tí omi ti ń ṣàn. Ẹ kọ́kọ́ kọ etí rẹ̀ tó tín-ín-rín sí omi, kí ẹ ka ibi tí omi dé. Ẹ wá yí ojú rẹ̀ tó fẹ̀ sí omi, kí ẹ tún kà á. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ máa fi ṣírò. Kò dára fún omi tó rọra ń ṣàn, torí ní ìdá márùn-ún mítà, mìlímítà 2 péré ló máa gùn, ojú kò ní lè kà á. Láti etí gọ́tà ni kí ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe nínú rẹ̀.

Bàbá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ Pitot rí títí wọ́n fi wàjà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé omi tó bá ń gun pákó ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí òjò tó tún dé.