Nígbà tí Ohùn Bá Há, Kí Iṣẹ́ Má Baà Bọ́

Ohùn ni ó ń bọ́ púpọ̀ nínú wa: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, ẹni tí ń dáhùn tẹlifóònù ní ọ́fíìsì. Bí ohùn bá há, a ó wá orógbó àti oyin. Ṣùgbọ́n àìsàn ohùn kan wà tí orógbó kò ràn. Spasmodic dysphonia ni àwọn dókítà ń pè é. Láti inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Iṣan inú gògóńgò a máa súnkì fúnra rẹ̀, ohùn a sì máa já bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn ènìyàn kì í dákẹ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní 1998 ni Diane Rehm, tí a máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lórí rédíò WAMU ní Washington, mọ̀ pé àìsàn yìí ni ó ń ṣe òun. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gba abẹ́rẹ́ Botox sí ọ̀fun, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó darí ètò rẹ̀ títí di ìparí 2016.

Abẹ́rẹ́ náà kì í wo àìsàn yìí sàn pátápátá. Ó ń dẹ iṣan fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà a ó tún gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ kò mọ̀ ni pé ohùn lè kọ́kọ́ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, omi pàápàá sì lè máa pá ènìyàn lórí, kí ohùn gidi tó dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Kí íńṣọ́ránsì sì ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ, nítorí ó wọ́n.

Òfin ADA ti 1990, tí wọ́n tún ṣe ní 2008, de ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àìsàn náà bá ń dí ọ̀rọ̀ sísọ yín lọ́wọ́ gan-an, ẹ lè béèrè ìrànlọ́wọ́: makirofóònù, tàbí kí ẹ máa fi email ṣe ohun tí ẹ ń fi tẹlifóònù ṣe. Òfin FMLA ti 1993 fún ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 àti wákàtí 1,250, ní ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 50 ní agbègbè rẹ̀, ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè gé e wẹ́wẹ́, ọjọ́ kan fún abẹ́rẹ́, ọjọ́ méjì fún ìsinmi.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti bo àìsàn mọ́lẹ̀, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí a kò sọ fún kò jẹ̀bi lábẹ́ òfin pé kò ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti tẹlifóònù, ẹ tẹ 711, kí ẹ béèrè Speech-to-Speech: òṣìṣẹ́ kan yóò máa tún ọ̀rọ̀ yín sọ ketekete fún ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.