Ilé Àgbẹ̀ Olókùúta ní Woolsthorpe

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ń gbọ́ ìròyìn ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ilé àgbẹ̀ kan ni a fẹ́ kí a jùmọ̀ wò, èyí tí ó wà ní abúlé Woolsthorpe, ní ìgbèríko Lincolnshire.

Òkúta ẹfun ti àdúgbò náà ni a fi mọ ọ́n, ó sì rí bí lẹ́tà T. Ògiri rẹ̀ nípọn. Òpó òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pín àwọn fèrèsé rẹ̀, nítorí díńgí kò lè gbé ìwúwo ògiri tí ó wà lókè rẹ̀. Ibi ìdáná ńlá wà nísàlẹ̀, nítorí òtútù ilẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ní 1623 ni Robert Newton ra ilé àti ilẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kú ní 1642. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ nígbà náà, opó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan nínú ilé yìí, a sì sọ ọ́ ní Isaac, orúkọ baba rẹ̀.

Ọmọ náà a máa ha àwòrán sára ògiri. Ní 2017 ni a rí ọ̀kan nítòsí ibi ìdáná, àwòrán ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, a sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ní 1659, ìyá rẹ̀ mú un kúrò ní ilé-ìwé Grantham kí ó lè jogún oko. Ṣùgbọ́n ìwé ni ó ń kà, àwọn àgùntàn sì ń jẹ oko olóko. Arákùnrin ìyá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà sì gbà. Ní 1661 Isaac wọ Cambridge.

Nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà pa ní 1665, ilé olókùúta yìí ni ó padà sí. Nínú ọgbà rẹ̀ ni èso ápù ti já bọ́ sílẹ̀, tí ó sì bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí kò fi já sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí òkè? Ìjì wó igi náà ní 1820, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Ó tún hù, ó sì ń so títí di òní.

Láti 1943 ni ẹgbẹ́ National Trust ti ń tọ́jú ilé náà. Òkúta rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, bí opó nì bá ti kọ etí dídi sí ẹ̀bẹ̀ olùkọ́, ta ni ìbá mọ ọ̀nà ibẹ̀ lónìí?