Ẹ́ńjìnnì Àlòkù Tó Di Ọ̀tun: Bí Caterpillar Ṣe Ń Gba Ọjà Rẹ̀ Padà Lọ́wọ́ Oníbàárà

Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ńlá tó ń hú igi, tó sì ń la ọ̀nà, ń jẹ́ lẹ́nu ará ìlú nílẹ̀ Yorùbá: katapílà. Ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, katapílà náà ni wọn yóò pè é. Ilé-iṣẹ́ Caterpillar ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1925, ló ni orúkọ ọ̀hún. Òun náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńláńlá tó ń bú ramúramù lẹ́yìn báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé láti ọdún 1973 ni ilé-iṣẹ́ yìí ti ń gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti gbó padà, tó ń sọ ọ́ di ọ̀tun, tó sì ń tà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe búrẹ́dì, ó kan onípákó, ó sì kan ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì àlòkù ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni àwọn oníṣòwò kan fi ń polówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tòkunbọ̀ ni èyí tí wọ́n kàn tú kúrò lára ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ lókè òkun, tí wọ́n dì sínú kọ̀ǹténà. Èkejì ni èyí tí mẹkáníìkì tú wò, tó pààrọ̀ ibi tó bàjẹ́, tó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀dà tuntun lè mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú, nítorí ọ̀dà kò wọ́n lọ́jà.

Bí ẹ́ńjìnnì tó gbó bá dé iléeṣẹ́ àtúnṣe Caterpillar, irú èyí tó wà nílùú Corinth, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, wọn kì í wá ibi tó ń dùn ún. Ńṣe ni wọ́n ń tú u palẹ̀ títí dé nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò ti ní orúkọ mọ́, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ yóò dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn yóò fọ gírísì àti èéfín ọdún gbọọrọ kúrò lára irin náà, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣì bá ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é mu. Ojú lásán kò lè rí irin tó sán nínú. Nítorí náà, wọ́n ń fi agbára òòfà sí i, wọ́n sì ń da ètù irin lé e lórí. Bí ó bá ti sán níbì kan, ètù náà yóò tò síbẹ̀ bí ìlà tín-ín-rín. Ibi tó jẹ, ṣùgbọ́n tí kò sán, ni wọ́n ń fọ́n irin yíyọ́ sí, tí wọ́n sì ń gé e títí yóò fi padà sí ìwọ̀n àtijọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ohun tí kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lò lọ, tuntun ni wọ́n ń fi sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, wọn yóò tan án, wọn yóò sì dán an wò kó tó jáde. Ìdánilójú tí wọ́n ń fún ẹni tó ra tuntun náà ni wọ́n ń fún ẹni tó ra èyí.

Irú iṣẹ́ báyìí kò lè ṣeé ṣe bí a kò bá ti rò ó tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá, sílíìfù tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ ṣeé fà yọ kí a sì fi òmíràn rọ́pò. Bí ó bá jẹ, odindi bulọ́ọ̀kù kò bá a lọ. Àwọn irin kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nípọn díẹ̀ sí i, kí ó lè ṣeé gé lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó ń ṣe ọjà àlòdànù kì í ṣe irú wàhálà yìí.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ́ńjìnnì tó gbó ṣe ń padà sílé? Ẹni tó bá ti ra mínírà onígò rí mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá mú ìgò òfìfo lọ́wọ́, yóò san owó ìgò, yóò sì gbà á padà nígbà tó bá dá ìgò padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Caterpillar ń ṣe. Owó ìdógò wà lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sọ di ọ̀tun, oníbàárà kò sì ní rí i gbà àfi bó bá dá èyí tó gbó padà. Ó tún gbọ́dọ̀ pé: bí mẹkáníìkì bá ti yọ ẹ̀yà rẹ̀ tà, tàbí tí bulọ́ọ̀kù bá ti fọ́, owó náà yóò dín kù. Nínú gbogbo ètò yìí, owó ìdógò ni òpómúléró. Láìsí i, orí ààtàn tàbí ọwọ́ àwọn tó ń ra irin ní kílò ni ẹ́ńjìnnì náà ìbá lọ.

Èyí tí ìwòsàn kò bá ràn mọ́ ni wọ́n ń yọ́ láti fi ṣe irin mìíràn. Yíyọ́ sàn ju dídànù lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti ṣe sára irin náà ló ti ṣègbé sínú iná, yóò sì tún jẹ iná rẹpẹtẹ kó tó wúlò. Ewu náà tún wà níbẹ̀ bí kò bá sí àbójútó. Ní Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, àyẹ̀wò tí wọ́n ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2025 fi hàn pé májèlé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, títí kan àwọn ọmọdé.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní "ilé-iṣẹ́ tún un ṣe" béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kí ó sì bá aṣojú ilé-iṣẹ́ náà wò ó. Kí ó béèrè ìwé ìdánilójú. Kí ó sì fetí sílẹ̀ bóyá olùtajà yóò béèrè èyí tó gbó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá béèrè é, tí kò sì dárúkọ owó ìdógò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà nìkan ni nǹkan tuntun tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà.